Orúkọ wo ló yẹ geocache tá a bá fi pamọ́ sí Òṣogbo?

Ìbéèrè tó wọlé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ti rí ibi mẹ́ta tí mo fẹ́ fi geocache (ike tá a fi pamọ́ kí àwọn ẹlòmíràn fi GPS wá a kàn) sí nílùú Òṣogbo: ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba, ọ̀kan ní Òkè-Fìà, ọ̀kan lójú ọ̀nà tó lọ sígbó Ọ̀ṣun. Ike ti wà nílẹ̀, ìwé ìbuwọ́lù ti wà nínú wọn, orúkọ ló kù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n sáà kọ "Osogbo 1", "Osogbo 2", "Osogbo 3", pé nọ́ńbà GPS làwọn èèyàn máa tẹ̀ lé, pé orúkọ ò já mọ́ nǹkan kan. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, báwo lẹ ṣe ń yan tiyín?

* * *

Òótọ́ ni pé nọ́ńbà GPS ló ń gbé èèyàn débẹ̀. Àmọ́ kì í gbé e dé ìdí ike. Níta gbangba, fóònù tó dáa lè fi nǹkan bíi mítà mẹ́ta sí márùn-ún yẹ̀. Lábẹ́ igi ńlá tàbí láàárín ilé alájà, ó lè ju mẹ́wàá lọ. Nínú àyíká mítà mẹ́wàá yẹn, ohun mẹ́rin péré ló kù lọ́wọ́ ẹni tó ń wá a: orúkọ, àlàyé, ìwọ̀n ìnira méjèèjì (ti wíwá àti ti ọ̀nà, láti 1 dé 5, pẹ̀lú ìdajì-ìdajì láàárín) àti ìtọ́ka tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé rẹ̀ lórí ojú òpó Geocaching. Orúkọ ló máa ń kọ́kọ́ rí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó bá sì ń kánjú, ó lè jẹ́ òun nìkan ló máa kà. "Osogbo 2" kò sọ nǹkan kan fún un.

Ohun kejì ni èsì tí wọ́n máa kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá rí "Osogbo 2" á kọ "Mo rí i, ẹ ṣé", á sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí orúkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé nígbà tó ṣí ike máa ń kọ ìpínrọ̀ kan gbáko, inú ìpínrọ̀ yẹn lẹ ti máa gbọ́ pé omi ti ń wọ ike, pé ìwé ti kún, tàbí pé nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fi mítà mẹ́jọ yẹ̀.

* * *

Èrò kejì tó wọ́pọ̀ lòdì sí ti ọ̀rẹ́ yín pátápátá: pé orúkọ gbọ́dọ̀ dùn, kó pani lẹ́rìn-ín, kó sì kún fún ọgbọ́n, kódà kí ẹni tó bá kà á máa họ orí. A kò fara mọ́ ìyẹn náà. Geocache tó pẹ́ jù lọ nínú àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni Mingo, ní Kansas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Oṣù karùn-ún ọdún 2000 ni wọ́n gbé e kalẹ̀, ọjọ́ mélòó kan péré lẹ́yìn tí ìjọba Amẹ́ríkà dẹ́kun dída GPS àwọn ará ìlú rú. Orúkọ abúlé kan tó ti tú nítòsí ibẹ̀ ni wọ́n fún un. Kò sí ọgbọ́n àrà kankan níbẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó gbàgbé rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tá a dì mú rèé: ẹ kọ́kọ́ yan ibi tẹ́ ẹ máa fi í sí, ẹ fi ike síbẹ̀, ẹ pinnu ìwọ̀n ìnira, lẹ́yìn náà lẹ óò wá orúkọ. Àwọn tó ń kọ́kọ́ rí orúkọ aládùn kí wọ́n tó máa wá ibi tí wọ́n máa fi lẹ̀ mọ́, orúkọ wọn kì í bá ibẹ̀ mu. Ẹnìkan á fẹ́ràn "Jálumi" gan-an, á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ Òṣogbo. Ẹ̀bá Ìkìrun ni wọ́n ti ja ogun Jálumi, ní 1878. Bí ẹ bá fẹ́ orúkọ ogun fún Òṣogbo, Ogun Òṣogbo wà níbẹ̀, nǹkan bí 1840, nígbà tí àwọn Ìbàdàn dá ogun Ìlọrin dúró. Ẹni tó mọ ìtàn yóò rí àṣìṣe yẹn kíákíá, kò sì ní gba àlàyé yín tó kù gbọ́ mọ́.

* * *

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan ká tú u palẹ̀.

Kò sí ọmọ Òṣogbo tí kò mọ ìtàn Láròóyè àti Tìmẹ́hìn, àwọn tó tẹ ìlú náà dó: wọ́n gé igi, igi wó sínú odò, ohùn kan sì ké jáde látinú omi pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun. Ká ní ẹ rí igi kan tó ti ṣubú, tí àyè wà lábẹ́ rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ẹni tó ni ín ti fún yín láṣẹ. Ẹ wá ike roboto dúdú, èyí tó gba nǹkan bí ìdajì lítà. Small ni wọ́n ń pe ìwọ̀n yẹn, láti 100 mililítà títí dé lítà kan. Tí kò bá tó 100, micro ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ igi, ẹ fi èèpo igi bò ó. Ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ o, òfin eré yìí kò gbà kí á gbẹ́ kòtò fún geocache, àfi tí ẹni tó ni ilẹ̀ bá fọwọ́ sí i ní kedere. Ìnira wíwá 2, ìnira ọ̀nà 2. Orúkọ: "Ìkòkò Aró Mi!"

Ọmọ ìlú tó bá ka orúkọ yẹn á ti máa wo ilẹ̀ bóyá igi tó wó wà nítòsí. Àlejò tí kò mọ ìtàn yóò kà á nínú àlàyé, ní ìlà mẹ́ta péré, yóò sì máa bá ìwákiri rẹ̀ lọ. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá fa ike roboto dúdú náà jáde ni orúkọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ pé. Orúkọ náà bá ìtàn mu, ó bá ibi ìpamọ́ mu, ó bá ike mu, síbẹ̀ kò sọ pé "ẹ wo abẹ́ igi".

Ẹ fi wé "Abẹ́ Igi Tó Wó". Orúkọ yẹn ti tú àṣírí tán. Yàtọ̀ síyẹn, igi tó bá wó ní Òṣogbo kì í pẹ́ nílẹ̀ kí àwọn tó ń wá igi ìdáná tó gé e. Bí igi bá lọ, orúkọ di irọ́. "Ìkòkò Aró Mi!" lè ṣí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta tó wà nítòsí, kó ṣì máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lè sún nọ́ńbà ojú ewé títí dé mítà 161 láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, olùyẹ̀wò (ẹni tó ń yẹ geocache wò kó tó jáde lórí ojú òpó náà) ló máa bá yín ṣe é. Mítà 161 kan náà ni àlàfo tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ike kan àti èkejì, torí náà ẹ wo máàpù kí ẹ tó sún un.

* * *

Ẹnìkan béèrè pé: "Ṣé kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ ká fi sọ ọ́? Ṣebí àwọn tó ń wá a, púpọ̀ wọn ló ń ti òkèèrè wá sí ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ?"

Àwọn tó ń ti òkèèrè wá kò wá torí "Hidden Treasure". Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílé wọn bí iyanrìn. Yorùbá ni kí ẹ kọ sórí, kí ìtumọ̀ wà ní ìlà àkọ́kọ́ nínú àlàyé. Ẹ má fi ìtumọ̀ há àárín orúkọ fúnra rẹ̀, ó máa ń gùn jù.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni àmì ohùn. Fóònù ayé òde òní ń gbé Ọ̀, Ẹ́ àti Ṣ dáadáa. Àmọ́ àwọn ẹ̀rọ GPS àfọwọ́gbé tó ti pẹ́ máa ń fi àpótí kékeré tàbí àmì ìbéèrè rọ́pò lẹ́tà tó ní àmì, tí "Ọ̀ṣun" á sì di "??un". Àwọn kan torí èyí yọ gbogbo àmì kúrò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú: ẹ kọ "Oko" láìsí àmì lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, ẹ̀yin ní ọkọ̀ lọ́kàn, ẹnìkan kà á sí oko, ẹlòmíràn kà á sí ohun tí a kì í dárúkọ níwájú àgbà. Ọmọdé ń ṣe eré yìí pẹ̀lú òbí wọn.

Ọ̀nà tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ fi gbogbo àmì sí orúkọ, kí ẹ wá kọ orúkọ kan náà láìlámì, pẹ̀lú "Osogbo" àti "Oshogbo", sínú àlàyé, kí ẹni tó ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè rí i. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ yọ àmì kúrò lórí ìwé, ẹ kà á bí ẹni tí kò mọ̀ yóò ṣe kà á. Tó bá ti di èébú tàbí ọ̀rọ̀ míì pátápátá, ẹ wá òmíràn.

* * *

Òwe ńkọ́? Òwe dára, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni kálukú ń tún lò. "Ohun tá a ń wá lọ sí Sókótó" ni ó kọ́kọ́ ń bọ́ sí gbogbo ẹni tó bá gbọ́ nípa eré yìí lọ́kàn. Ẹ má lò ó àfi tí ike bá wà lẹ́bàá ibi tí èèyàn ti máa sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò gan-an, tí nǹkan míì tó fa ojú mọ́ra sì wà níwájú tó lè gbé e kọjá lọ. Nígbà yẹn òwe náà ti di ìtọ́ka gidi. Bí ike bá wà ní irínwó mítà sínú igbó, òwe náà ń parọ́ fún ẹni tó ń wá a.

Àlọ́ àpamọ̀ ló sàn jù, torí ìbéèrè ni, ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan tó ṣeé fọwọ́ kàn. "Kí ló bọ́ sómi tí kò ró?" Abẹ́rẹ́ ni. Ó yẹ ike kékeré jọjọ lára ọwọ́ afárá kan. (Tó bá jẹ́ èyí tó ní mágínẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn, ẹ kun ún ní àwọ̀ irin ibẹ̀, nítorí àwọn tó ń ṣa irin kì í fi nǹkan tó ń dán sílẹ̀.) "Awẹ́ obì kan à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́" ni ahọ́n, ó yẹ ike tó bá wà lẹ́yìn ahọ́n rọ́bà tàbí pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ní láti gbé sókè.

Ìwọ̀n ìnira ló máa sọ bí àlọ́ náà ṣe máa ṣí tó. Ní 1.5, ìdáhùn àlọ́ lè jẹ́ ohun tí ike wà lára rẹ̀ gan-an. Ní 3, kí ìdáhùn kàn jọ ohun tí ike wà lára rẹ̀. Ní 4, kí orúkọ má ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ṣáájú, kó sì yé e dáadáa lẹ́yìn tó bá ti rí i. Geocache onímystery (èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ tú àdììtú kan kí wọ́n tó mọ ibi tó wà) yàtọ̀: níbẹ̀, orúkọ lè jẹ́ kọ́kọ́rọ́ gan-an, tí kíka lẹ́tà rẹ̀ á fúnni ní nọ́ńbà. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà, ẹ sọ ní kedere bóyá GB jẹ́ lẹ́tà kan tàbí méjì. Yorùbá kà á sí ọ̀kan, àlejò á kà á sí méjì, nọ́ńbà rẹ̀ á sì gbé e lọ síbòmíràn. Ibi tí ike gidi wà kò sì gbọ́dọ̀ jìn ju nǹkan bíi kìlómítà 3.2 lọ sí nọ́ńbà tó hàn lójú ewé.

* * *

Nípa orúkọ tó lè kó yín sí wàhálà.

Èyí ṣe pàtàkì ju adùn lọ. Ike tí wọ́n dì, tí wọ́n fi sábẹ́ ewé, nílùú wa, ohun àkọ́kọ́ tó ń wá sí ọkàn ẹni tó bá ṣèèṣì rí i ni ẹbọ tàbí oògùn. Ẹ má fi "Ẹbọ", "Oògùn", "Ààlè" tàbí "Awo" sọ ọ́, bó ti wù kó dùn tó, torí orúkọ ni wọ́n sábà máa ń kọ sára ike. Ẹ má fi ike sí oríta, kódà bí orúkọ bá jẹ́ "Oríta Mẹ́ta". Wọn á dáná sun ún tàbí kí wọ́n sá fún un, kò sí èyí tó dáa nínú méjèèjì. Ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pé eré ìwákiri ni, pé kò léwu. Ike tó mọ́ gaara, tí ojú ń rí inú rẹ̀, ń dín ìbẹ̀rù kù ju dúdú lọ ní àárín ìlú. Ike dúdú "Ìkòkò Aró" òkè yẹn, ibi tí èrò ò sí nìkan ló yẹ ẹ́. Orúkọ tó bá sì jọ mọ́ bọ́ǹbù tàbí ìbọn, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Òfin eré náà tún ní tirẹ̀. Orúkọ ilé ìtajà, ilé oúnjẹ tàbí ilé iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Ohun tó bá ń polongo ẹ̀sìn, òṣèlú tàbí ẹgbẹ́ kankan, wọ́n á dá a padà. Àwọn kan ń bínú sí èyí, wọ́n ní ìlú wa kò ṣeé sọ láìdárúkọ Ọ̀ṣun. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má dárúkọ odò. "Etí Odò Ọ̀ṣun" ń sọ ibì kan. "Ọ̀ṣun Gbà Mí" ń gbàdúrà. Èkejì lòfin ń wò. Bákan náà ni Ògo-Olúwa: àdúgbò ni lójú gbogbo wa, ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò lè má gbọ́ Yorùbá, kó sì rò pé ìwàásù ni. Àyè wà nínú fọ́ọ̀mù tí ẹ ti lè kọ̀wé sí olùyẹ̀wò nìkan. Ẹ kọ ìtumọ̀ orúkọ síbẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ fi kún un pé orúkọ àdúgbò ni, àti ẹni tó fún yín láṣẹ láti lo ibẹ̀. Ìlà méjì yẹn máa ń gba gbogbo èèyàn lọ́wọ́ ìwé tó ń lọ tó ń bọ̀.

* * *

Igbó Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má gbé ike wọ inú ẹ̀. Ibi ìjọsìn ni fún àwọn tó ni ín, UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé láti 2005, àwọn iṣẹ́ ọnà Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, sì wà káàkiri inú rẹ̀. Ẹni tó bá ń fọwọ́ tú ìdí ère nítorí ike, ó lè ba ohun tí kò ṣeé tún ṣe jẹ́. Ohun tó ṣeé ṣe ni onípele púpọ̀: kí wọ́n ka nǹkan lára pátákó tó wà níta, kí ìdáhùn di nọ́ńbà, kí ike wà lẹ́yìn igbó, lórí ilẹ̀ tí ẹ ti gbàṣẹ. Kí orúkọ sì fi hàn pé ojú ọ̀nà ni: "Ọ̀nà Odò", "Kí A Tó Dé Odò". Orúkọ tó bá sọ pé "Nínú Igbó Ọ̀ṣun" á mú kí àwọn tó ń kánjú wọlé lọ máa tú ewé kiri.

* * *

"Ṣé ká nọ́ńbà wọn bí wọ́n bá ju ọ̀kan lọ?" Àríyànjiyàn tí kì í tán nìyí. Ẹ̀rọ kékeré máa ń gé orúkọ tó bá gùn. Bí ẹ bá kọ "Òṣogbo Òròkí: Ìkòkò Aró" àti "Òṣogbo Òròkí: Abẹ́rẹ́", "Òṣogbo Òròkí…" méjì ni wọ́n máa rí, láìmọ ìyàtọ̀. Èyí ló mú kí àwọn kan gbé orúkọ pàtó síwájú, orúkọ ọ̀wọ́ sẹ́yìn. Àwọn tó kù ní kò ní tò lẹ́sẹẹsẹ mọ́, òótọ́ sì ni. Ẹ gé orúkọ ọ̀wọ́ kúrú: "ÒR01 Ìkòkò Aró", "ÒR02 Abẹ́rẹ́". Ẹ má gbàgbé òdo iwájú yẹn, nítorí láìsí i, 10 máa ń bọ́ síwájú 2. Mẹ́ta péré lẹ ní, ẹ kò nílò nọ́ńbà.

* * *

Ọ̀rọ̀ ìtọ́ka bá orúkọ tan, ẹ jẹ́ ká fi kún un. Ojú òpó Geocaching máa ń fi ROT13 yí ìtọ́ka padà kí ojú má baà ṣèèṣì kà á: a di n, b di o, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló mọ̀. Àwọn lẹ́tà wa tó ní àmì kì í yí. Ẹ kọ "òkúta", "òxúgn" ló máa jáde, ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá lè mọ̀ ọ́n nígbà tó bá rí fáwẹ̀lì àti ohùn wọn lójú kan. Nítorí náà, nínú ìtọ́ka nìkan, ẹ kọ Yorùbá láìlámì, tàbí kí ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí ìtọ́ka má sì tún orúkọ sọ. Bí orúkọ bá ti sọ ohun tó wà níbẹ̀, kí ìtọ́ka sọ gíga: orúnkún, àyà, òkè orí.

* * *

Ó kan mẹ́ta tiyín.

Ọjà Ọba: àlọ́ kan wà tó bá ibẹ̀ mu gan-an, "Ta ní ń kọjá lójú ọba tí kò kí ọba?" Àgbàrá òjò ni. Kí ike wà lókè lára ògiri tó kọjú sí gọ́tà, kò gbọ́dọ̀ wà nínú gọ́tà, torí òjò kan ló máa gbé e lọ. Àwọn kan á fẹ́ gé orúkọ náà sí "Kò Kí Ọba". Ẹ má ṣe é. Nítòsí ààfin Àtáọ́ja, ẹni tó bá rí i lára ike lè kà á sí àrífín. "Ta Ní Ń Kọjá?" tó.

Òkè-Fìà: ẹ kò sọ ohun tí ike wà lára rẹ̀, torí náà ẹ lọ dúró níbẹ̀, ẹ kọ nǹkan mẹ́wàá tí ojú yín rí sílẹ̀. Ẹ fa ìlà pa gbogbo èyí tí wọ́n lè gé, kùn tàbí wó láàárín ọdún kan: pátákó ìpolówó, ìsọ̀, igi kékeré. Inú èyí tó kù ni orúkọ wà. Bí ibẹ̀ bá kan iṣẹ́ ọnà lọ́nàkọnà, "Mbárí Mbáyọ̀", orúkọ ẹgbẹ́ tí Dúró Ládiípọ̀ dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962, bá ẹni tó ń wá nǹkan mu gan-an, ẹ kàn sọ ìtàn rẹ̀ nínú àlàyé.

Ọ̀nà igbó: "Kí A Tó Dé Odò", ìnira wíwá kó má ju 2 lọ, kí wọ́n má baà pẹ́ níbẹ̀.

Kí ẹ tó fi wọ́n ránṣẹ́, ẹ ka orúkọ kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Bó bá sọ ibi tí ike wà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ dín ìnira wíwá kù tàbí kí ẹ yí orúkọ. Ẹ lè yí i lẹ́yìn tó bá ti jáde náà, nítorí kóòdù GC rẹ̀ (àmì ìdánimọ̀ tí ojú òpó náà fún un) kì í yí, èsì tí wọ́n ti kọ kì í sì í sọnù. Àmọ́ àwọn tó ti gbé e sórí ẹ̀rọ wọn tẹ́lẹ̀ á ṣì máa rí ti àtijọ́, nítorí náà ẹ kọ orúkọ àtijọ́ sísàlẹ̀ àlàyé fún oṣù bíi mélòó kan.